Ẹnu ọmọ mọ̀ ọ́n, báírò rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n: báwo lẹ ṣe ń kọ́ wọn ní gírámà Yorùbá?

Tíṣà Òkè-Ìlewó (ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi. JSS 2 ni mo ń kọ́ ní Yorùbá. Ọmọ 42 ló wà nínú kíláàsì, ẹ̀ẹ̀mejì là ń ríra lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40 sì ni lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá yọ àkókò tí wọ́n fi ń jà sí àga kúrò níbẹ̀, kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyísódì ni mo kọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kọ oríkì rẹ̀ (àlàyé ohun tó jẹ́) sójú pátákó, wọ́n dà á kọ. Mo ní kí wọ́n kà á, gbogbo wọn kà á papọ̀ bí ẹni ń ka Àdúrà Olúwa. Mo wá fún wọn ní gbólóhùn mẹ́wàá pé kí wọ́n lọ yí i sódì wá láti ilé. Ẹ wo ohun tí mo gbà padà:

Ó kò wá.
Mo kò jẹ ẹ̀bà.
Wọ́n kò ti lọ.
Bàbá mi kò wà nílé.
Kò ń sùn.

Ti àkọ́kọ́ yẹn ló dùn mí jù. Ọmọ tó kọ ọ́, mo bi í láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an pé ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó dà. Ó ní, "Kò wá, mà." Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo ṣí ìwé rẹ̀, mo bá "Ó kò wá" níbẹ̀, gàdàgbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀nà wo lẹ ń gbà? Ṣé oríkì ni ká kọ́kọ́ fún wọn ni àbí àpẹẹrẹ? Ṣé ẹ tiẹ̀ máa ń dárúkọ gírámà fún wọn rárá? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú sí ọmọ yẹn. Kì í ṣe Yorùbá tó ń sọ nílé ló kọ sínú ìwé, ohun tí ẹ kọ́ ọ ló kọ. Ẹ sọ fún un pé àárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe ni "kò" ń gbé. Ó gbọ́ràn. Ó mú "ó", ó mú "wá", ó ki "kò" bọ àárín wọn. Bí ẹni ń ṣe ìṣirò ló ṣe é.

Èmi náà kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́jọ kí ojú mi tó là. Ohun tí mo wá ń ṣe nígbà tó yá nìyí. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, n kì í fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Màá wọlé, màá nàka sí ọmọ kan, màá sì parọ́ mọ́ ọn.

"Ṣadé ti jẹun lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí."

Ṣadé á fò dìde. "Irọ́ ni, sà! Mi ò tíì jẹun!"

"Kúnlé máa ń sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì." "Irọ́ ni! Mi ò kí ń sùn!" Kíláàsì á ti máa dàrú. "Bọ́lá ló jí ṣọ́ọ̀kì mi." "Èmi kọ́ o!" "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí lẹ máa gbá gbogbo ọgbà ilé-ìwé lónìí." Gbogbo wọn á han: "A ò ní gbá a!" "Ọ̀gá àgbà wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn." Wọ́n á yọjú wò ó. "Kò sí níbẹ̀, sà." Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìkẹyìn. Àga kan wà ní kíláàsì mi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Màá fà á, màá ṣe bí ẹni fẹ́ fìdí lé e. "Ẹ má jókòó, sà!"

Ẹ kà á wò. "Kò tíì" ti jáde, "kì í" ti jáde, "kọ́", "kò ní", "kò sí" àti "má" náà ti jáde. Ẹnu àwọn ọmọ ni gbogbo rẹ̀ ti wá, kò sí èyí tí mo kọ́ wọn níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mú ṣọ́ọ̀kì. Irọ́ mi á wà lápá òsì pátákó, èsì wọn á wà lápá ọ̀tún, bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an. Tí Kúnlé bá ní "mi ò kí ń", màá kọ "mi ò kí ń", màá wá kọ "n kì í" sábẹ́ rẹ̀ pé aṣọ tí ìyẹn ń wọ̀ lọ sóde nìyí.

Lẹ́yìn náà, ìbéèrè ni ṣáá. Kí ló wà lósì tí kò sí lọ́tùn-ún? "Wà" ti di "sí", ta ló yí i padà? "Ó" ti pòórá, níbo ló sá lọ? Ọdún kan, ọmọ kan ní ẹ̀yìn kíláàsì dáhùn pé, "Sà, 'ó' kò fẹ́ràn 'kò'." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ sójú pátákó, n kò tún un ṣe. Títí wọ́n fi jáde níwèé mẹ́wàá, òfin tí wọ́n ń tọ́ka sí nìyẹn.

Orúkọ gírámà? Ọjọ́ kejì. Ọmọ kì í kọ́kọ́ ní orúkọ kí wọ́n tó bí i.

SS3 Ló Wà Lọ́rùn Mi

Bàbá, ẹ kú àtàárọ̀ sà. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí eré yẹn, ó dùn, mo sì máa jí i. Ṣùgbọ́n WAEC àti NECO ló wà níwájú àwọn ọmọ tèmi, ìdánwò kì í sì í parọ́ mọ́ ọmọ kó lè fò dìde. Ohun tó ń bi wọ́n ni pé kí wọ́n tọ́ka sí wúnrẹ̀n ìyísódì (àwọn ọ̀rọ̀ bíi "kò" àti "kì í"), kí wọ́n dárúkọ irú awẹ́ gbólóhùn tí wọ́n fàlà sí nídìí, kí wọ́n ṣàlàyé àrànmọ́ tàbí ìpajẹ pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Ọmọ tó lè jiyàn bí akọ ajá tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ wúnrẹ̀n, òdo ló ń gbé lọlé. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi láìmọ ọ̀rọ̀-orúkọ yàtọ̀ sí arọ́pò-orúkọ, èmi ni mò ń jìyà ẹ̀. Láti JSS 1 ni kí ẹ ti máa dárúkọ nǹkan fún wọn.

Ohun kan tún wà. Eré Bàbá gba kí ọmọ ní Yorùbá lẹ́nu. Ní Èkó tí mo wà yìí, mélòó ló ṣì ní in? Ilé-ìwé aládàáni kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Tó bá di lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á ní kí n wọlé wá kọ́ ọmọ yẹn kan náà ní Yorùbá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin lọ́dún 2018 pé kí gbogbo ilé-ìwé máa kọ́ Yorùbá. Ó dáa. Ṣé òfin ló máa wá bá wọn sọ ọ́ nílé?

Àǹtí Sátidé, Peckham

Ẹ̀gbọ́n SS3, ẹ ti sọ̀rọ̀ débi tèmi. Lọ́jọ́ Sátidé, wákàtí méjì, ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 7, èyí tó dàgbà jù jẹ́ 13. Kò sí ohun tí ìyá wọn sọ ní Yorùbá tí wọn ò gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn. Tí mo bá parọ́ mọ́ wọn bíi ti Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi jiyàn, mo ti dán an wò!

Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń dí wọn lọ́wọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á ní "Mo ni ebi." Òmíràn á ní "Mo wà tutù." Èèyàn ló ń ṣe olùwà nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn, ebi kàn jẹ́ ohun tó bá a ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ebi fúnra rẹ̀ ni olùwà, òun ló ń pani. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún ọmọ ọdún 8 lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ kàn ń wò mí rán-ún.

Mo wá sọ kíláàsì di ilé ìwòsàn. Ọmọ kan á jẹ́ dókítà, yóò so aṣọ funfun mọ́rùn, àwọn yòókù á tò sẹ́nu ọ̀nà. Olúkúlùkù á di ibi tó ń dùn ún mú, yóò sì sọ ọ́. Tí kò bá sọ ọ́ dáadáa, dókítà ò ní fún un lóògùn (súìtì ni oògùn). Àwọn gbólóhùn náà nìyí:

Orí ń fọ́ mi.
Ebi ń pa mí.
Òùngbẹ ń gbẹ mí.
Otútù ń mú mi.
Inú ń run mí.
Oorun ń kùn mí.
Ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é, ẹnu nìkan, kò sí ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo tó gé páálí, mo kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sí páálí kọ̀ọ̀kan, mo sì to gbogbo wọn sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 10, dúró lórí wọn títí, ó wá ní, "Àǹtí, kí ló dé tí 'mi' kan dé fìlà, tí òmíràn ò dé fìlà?"

Àmì ohùn òkè ló ń pè ní fìlà. Mo ní kó ya àwọn tó dé fìlà sọ́tọ̀. Àwọn mẹ́ta mìíràn bá a ṣe é. Páálí méjì péré ni kò dé fìlà: "fọ́ mi" àti "mú mi". Wọ́n kúnlẹ̀ yí i ká, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì jiyàn, mo dákẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọ náà fi pariwo. Ó ní tí ọ̀rọ̀ tó ṣíwájú bá ti dé fìlà, "mi" á bọ́ tiẹ̀. Tí ìyẹn ò bá dé, "mi" á dé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ṣe Yorùbá nílé-ìwé gírámà, mo sì yege dáadáa. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ fìlà yìí fún mi rí. Mo ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ ayé mi, mi ò mọ̀ pé òfin kan wà níbẹ̀.

Gángan Lẹ́nu

Àǹtí, ẹ kú orí ire o! Ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé kì í ṣe "mi" nìkan. "Ọ", "wa" àti "wọn" náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: fún wa, pè wá, fún wọn, pè wọ́n, fún ọ, pè ọ́. "Yín" nìkan ni kì í bọ́ fìlà fún ẹnikẹ́ni. Fún yín, pè yín. Àgbà ni, ẹ fi í sílẹ̀.

Tí wọ́n bá ti gba ìyẹn, ẹ gbé èyí fún wọn: "pè mí", "pè wá", "pè" wálẹ̀ dáadáa níbẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pe ènìyàn lórúkọ: "pe Adé". Ohùn ìsàlẹ̀ ti gòkè sáàárín. "Rà á", ṣùgbọ́n "ra ẹran". "Gbà á", ṣùgbọ́n "gba owó". Ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń gbé e dìde.

Ti dò re mí: mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sílẹ̀ fún ọdún kan kí wọ́n sinmi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dá dúró kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ lo gbólóhùn. Mo máa ń pa ẹnu mi dé, kí n wá fi imú kùn ún, àwọn ọmọ á sọ èyí tí mo wí nínú mẹ́ta:

Ó kọ́ ọ. (mí mí re)
Ó kọ ọ́. (mí re mí)
Ó kọ̀ ọ́. (mí dò mí)

Èkíní, tíṣà ni. Èkejì, akọ̀wé ni. Ẹ̀kẹta, ìyàwó tó sọ pé òun ò fẹ́ mọ́ ni. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ tán, àwọn náà á máa kùn ún fún ara wọn. Tí ariwo bá pọ̀ jù, ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Ọmọ Kétu

Mo kí yín láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin níhìn-ín. Faransé ni àwọn ọmọ wa fi ń kàwé nílé-ìwé, Yorùbá là ń sọ nílé, n sì máa ń kọ́ àwọn kan láti kà á àti láti kọ ọ́ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun tí ọ̀rọ̀ "o" àti "ẹ" ń dà láàmú, èyí ò ṣòro fún àwọn ọmọ tiwa, torí Faransé náà ní "tu" àti "vous". Ibi tó ti ń sú wọn ni "wọ́n". Kí ọmọ ní "Bàbá àgbà ti dé, wọ́n wà ní ìta", Faransé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni kan ló dé, kí ló ń jẹ́ wọ́n? Ọmọ kan tiẹ̀ lọ síta lọ ka iye ènìyàn.

Ọ̀nà tí mo gbà ni pé kí wọ́n máa ròyìn ilé wọn fún mi: ìyá, bàbá, àbúrò tó kéré jù, ewúrẹ́. Wọ́n á rí i fúnra wọn pé àbúrò àti ewúrẹ́ jọ ń jẹ "ó" ni.

Àǹtí Sátidé, Peckham

Ẹ ṣeun, Ọmọ Kétu, mo ti gba ti ewúrẹ́ yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi pe ìyá ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní "O ti jẹun?" Màmá náà bi mí bóyá irú ẹ̀kọ́ tí mò ń kọ́ wọn nìyẹn.

Ìwé Àtijọ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀. Ẹ wo ibi tí àṣà oríkì-ṣáájú yìí ti wá. Nígbà tí Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1843, ó fi gírámà díẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì tún un ṣe jáde lọ́dún 1852. Bowen, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1858. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń kọ́? Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, tí Gẹ̀ẹ́sì wà lórí ahọ́n rẹ̀, tó nílò kí wọ́n sọ fún un pé ọ̀rọ̀-orúkọ nìyí, ọ̀rọ̀-ìṣe nìyí. Oúnjẹ àlejò ni. Àwa wá gbé e fún ọmọ ilé.

Nítorí náà, àwọn ọmọ Àǹtí Sátidé gan-an ló sún mọ́ ẹni tí wọ́n se oúnjẹ náà fún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń wò ó, àwọn náà ò jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ẹ̀kọ́ nílẹ̀ yìí, ẹ rántí ètò Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Gẹ̀ẹ́sì sì ní olùkọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ tó ti fi Yorùbá ṣàlàyé ìdí tí omi fi ń hó, ṣé "kì í" ló máa wá ṣòro fún?

Ohun kékeré kan fún Tíṣà Òkè-Ìlewó: tí ẹ bá rí "nwọn", "yio" tàbí "enia" nínú iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ má na ọmọ náà. Bàbá àgbà ló bá a ṣe é. Ṣáájú 1974 tí wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun (ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀) ni wọ́n ti kọ́ àwọn bàbá àgbà lẹ́kọ̀ọ́.

Ọmọ Ewì, Adó-Èkìtì

Èmi ò ní pẹ́. Àwọn ọmọ tèmi ń kọ "ulé" àti "ugi". Ìwé wa sọ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó ní "Kí ni ìyá mi wá ń sọ?" Láti ọjọ́ náà, pátákó mi ti ní ojú méjì, ti ilé àti ti ìdánwò, a sì ń to ọ̀rọ̀ síbẹ̀ ní méjìméjì. N kì í fi báírò pupa sí ti ilé.

SS3 Ló Wà Lọ́rùn Mi

Gbogbo wa ti sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó dá arábìnrin yìí lóhùn lórí gbólóhùn márùn-ún tó kọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é.

"Ó kò wá" àti "Mo kò jẹ ẹ̀bà": "ó" á pòórá, "mo" á di "n" tàbí "mi". Kò wá. N kò jẹ ẹ̀bà. Mi ò jẹ ẹ̀bà.

"Wọ́n kò ti lọ": Wọn kò tíì lọ. Ẹ wò ó dáadáa, "wọ́n" náà bọ́ fìlà níwájú "kò". Ọmọ Peckham yẹn ti bà mí lórí jẹ́, fìlà ni mò ń rí níbi gbogbo báyìí.

"Bàbá mi kò wà nílé": Kò sí nílé. Tí ẹ bá gbọ́ "kò wà" lẹ́nu ọmọ, ẹ wádìí, ó lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń túmọ̀ nínú.

"Kò ń sùn": "ń" ò ní lè dúró. Kò sùn. Ibí ni àwọn ọmọ ti ń ki "kì í" bọ̀ ọ́. Mo máa ń fi ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé-ìwé ṣe é. "Ọdẹ kò sùn": ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ẹ lọ wò ó. "Ọdẹ kì í sùn": ìwà rẹ̀ ni, ọ̀gá àgbà yóò fi kún owó rẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ̀ pé ọdẹ ń sùn.

Ẹ tún yẹra fún "kò ní owó" lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kọ́ "kò ní lọ". "Ní" méjèèjì ò jọra, ìdàrúdàpọ̀ á wọ̀ ọ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sáàárín wọn.

Tí ẹ bá sì ń máàkì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìwé 42, ẹ yan ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kan. Tó bá jẹ́ "ó kò" lẹ ń lé, ẹ fojú fo àmì ohùn lọ́sẹ̀ yẹn. Ìwé tó kún fún pupa, ọmọ kì í kà á, yóò kàn wo máàkì tó gbà, yóò sì pa á dé.

Gángan Lẹ́nu

Ẹ fojú fo àmì ohùn kẹ̀? Ẹ máa tó gbọ́ pé ìyá Kúnlé páàkì ọkọ rẹ̀ sínú gáréèjì.

SS3 Ló Wà Lọ́rùn Mi

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo wí, ẹ̀gbọ́n!

Bàbá Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Mo fara mọ́ SS3 lórí ọ̀kan yìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ torí kò ní wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ti orúkọ gírámà náà, n kò sọ pé ká má dá a. Ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, kí ẹ sì jẹ́ kó ní nǹkan tó ń tọ́ka sí. Ọmọ tó ti rí "ó" tó pòórá, tí ẹ bá sọ fún un pé arọ́pò-orúkọ ni wọ́n ń pè é, yóò gbà á bí ẹni gba orúkọ ọ̀rẹ́ tuntun.

Tíṣà Òkè-Ìlewó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, gbogbo yín pátá. Mo dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ torí mo fẹ́ ṣe é kí n tó wá jẹ́jọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, mo parọ́ mọ́ wọn. Bàbá, ẹ kò sọ fún mi pé ariwo ẹ̀ á pọ̀ tó bẹ́ẹ̀! Igbákejì ọ̀gá àgbà yọjú sẹ́nu ọ̀nà bóyá ìjà ni. Mo ní gírámà là ń ṣe. Wọ́n wò mí títí, wọ́n sì lọ. Àga mi ò kán, mo wá fẹ́ mu omi inú garawa tí a fi ń nu pátákó. "Ẹ má mu ún, mà!" Ọmọ méjì dìde wá gba garawa náà lọ́wọ́ mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, a to gbólóhùn wọn sójú pátákó. Kò sẹ́ni tó ní "'ó' kò fẹ́ràn 'kò'" lọ́dọ̀ tèmi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé "kò" ti gbé "ó" mì. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó dárúkọ wúnrẹ̀n fún wọn nítorí SS3, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó kígbe.

Mo tún fún wọn ní gbólóhùn mẹ́wàá, kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Nínú ìwé 42, mẹ́sàn-án ló ṣì kọ "Mo kò". "Ó kò" ti di mẹ́ta. "Kò wà nílé" ṣì pọ̀, mo máa padà síbẹ̀. Ti "kì í" ni kò tíì wọ̀ wọ́n lára rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n rẹ́rìn-ín sí ti ọdẹ dáadáa. Bóyá ẹ̀rín ni wọ́n gbọ́ níbẹ̀, wọn ò gbọ́ gírámà.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọmọ tó kọ "Ó kò wá" nígbà àkọ́kọ́, tí mo tìtorí rẹ̀ wá síbí, nawọ́ sókè nígbà tí a fẹ́ parí. Ó ní, "Mà, tí 'ó kò wá' ò bá dára, kí ló dé tí 'òun kò wá' fi dára? Ṣé kì í ṣe ẹnì kan náà ni?" Aago lù, mo ní màá dá a lóhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò ní èsì tí kì í ṣe oríkì.

Bàbá Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ kọ "Òun àti Ṣadé ló jọ wá" sójú pátákó, kí ẹ ní kó jáde wá, kó pa "òun" rẹ́, kó sì fi "ó" rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó kà á sókè.

Tíṣà Òkè-Ìlewó

"Ó àti Ṣadé." Mo ti ń rẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí. Ọjọ́ Ajé là ń ríra.